Iná Ẹ̀yìn Ọ̀kadà Tó Kú Tàbí Tó Ń Ṣe Ségesège: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kì í rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí iná iwájú bá kú lálẹ́, kíá ló máa mọ̀, nítorí ojú ọ̀nà á ṣókùnkùn. Ti ẹ̀yìn lè kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má gbọ́, bẹ́ẹ̀ iná yẹn gan-an ni awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń mọ̀ pé èèyàn wà níwájú òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí àwọn ọlọ́kadà máa ń béèrè jọ síbí. Àwọn ìdáhùn náà wà fún ọ̀kadà tó ń lo bátìrì 12V, irú Bajaj Boxer, TVS, Honda àti àwọn ti Ṣáínà tó kún ìgboro wa láti Ìbàdàn títí dé Kétu. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: gílóòbù ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí iná ẹ̀yìn wọn ń dààmú olówó wọn, gílóòbù kọ́ ló jẹ̀bi.

Irú gílóòbù wo ni kí n rà?

Ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń gùn, 12V 21/5W lẹ máa rí. Okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù yẹn. Okùn 5W ló ń tàn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tan iná. Okùn 21W ló ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pọ̀: ìmọ́lẹ̀ okùn 5W tó nǹkan bíi 35 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), ti 21W tó nǹkan bíi 440. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tó wà lẹ́yìn yín fi ń mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ dúró. Àwọn tó ń ta pátì lè pè é ní 1157, ẹ sì lè rí P21/5W lára páálí rẹ̀. Họ́dà kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ẹ wo ìṣó kékeré méjì tó yọ lára ìdí gílóòbù náà dáadáa. Ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí èèyàn má bàa kì í bọ họ́dà lódì ni. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ má fi agbára tì í. Bí ẹ bá fi agbára tì í tó wọlé lódì, okùn 21W ló máa máa tàn ṣáá, tí ẹ bá wá tẹ bíréèkì, okùn kékeré ló máa tàn lé e. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ẹ tẹ bíréèkì rárá, ooru okùn ńlá yẹn á sì máa yọ́ ìdérí pupa náà díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí ìdérí tó ti yọ́ tàbí tó ti dúdú láàárín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà V rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Gílóòbù 24V ti ọkọ̀ ńlá máa ń wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú ti ọ̀kadà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ bá fi sí i, bàìbàì ló máa máa tàn. Ti 6V, ojú ẹsẹ̀ ló máa jó.

Iná ẹ̀yìn kò tàn, ti bíréèkì náà kò tàn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fún hóònù ná, kí ẹ sì tan tírafikétọ̀. Bí àwọn yẹn náà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ lọ wo fíúsì àti orí bátìrì. Fíúsì sábà máa ń wà nítòsí bátìrì, lábẹ́ kọ́fà ẹ̀gbẹ́ tàbí lábẹ́ ìjókòó. Èyí tó bá ti jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: bí 10A bá wà lára rẹ̀, 10A ni kí ẹ rà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bébà dídán inú páálí sìgá tàbí wáyà dì í. Wọ́n ṣe fíúsì kó lè jó kí wáyà má bàa jó. Tí ẹ bá dì í pa, wáyà tó gba abẹ́ táńkì kọjá ló máa gbóná, epo bẹntiróòlù sì wà lórí rẹ̀.

Bí hóònù bá dún, ẹ tú ìdérí pupa ẹ̀yìn. Ẹ tẹ gílóòbù wọlé díẹ̀, ẹ yí i sí òsì, ó máa jáde. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wo okùn inú rẹ̀. Ojú nìkan kò tó, torí okùn lè já níbi tí ojú kò lè rí, nítorí náà ẹ dán an wò lára bátìrì: ẹ fi wáyà kan so ara irin ìdí rẹ̀ mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ wá fi wáyà mìíràn láti pọ́sítíìfù kan àmì lẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ tàn, ọ̀kan bàìbàì, èkejì yanran.

Bí gílóòbù bá yè, họ́dà ló kàn. Òjò wa máa ń bá họ́dà ṣe gan-an. Ẹ máa rí ìpẹta aláwọ̀ ewé tàbí funfun nínú rẹ̀, tàbí kí sípírìǹgì tó ń ti ẹnu irin méjèèjì sókè ti kú, tí gílóòbù kàn jókòó síbẹ̀ láì kan nǹkan kan. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tú orí bátìrì kan sílẹ̀, kí ẹ wá fi sáńdípépà tín-ín-rín ha inú rẹ̀ títí irin á fi tàn. Ẹ fa ẹnu irin tó ti wọlé síta díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ pa ìdí gílóòbù àti inú họ́dà. Omi kò ní tètè rí ibẹ̀ mọ́. Họ́dà tí irin rẹ̀ ti jẹ, ẹ má tún un ṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ìgbà tí họ́dà bá mọ́ tí iná kò sì tíì tàn ni ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa wáyà. Mẹ́ta péré ló lọ síbẹ̀: ti iná ẹ̀yìn, ti bíréèkì, àti éètì, ìyẹn ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì. Lára Honda, aláwọ̀ ewé ni éètì, búráùn ni ti iná ẹ̀yìn, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ti bíréèkì. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ má gbé ti Honda lé ọ̀kadà mìíràn lórí. Tẹ́sítà ló máa sọ òótọ́: gílóòbù kékeré 12V kan tí ẹ so wáyà méjì mọ́. Ẹ so orí bátìrì padà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tan súwíìṣì iná (lára ọ̀kadà kan, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí iná tó dé ẹ̀yìn; ti bíréèkì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀). Ẹ so wáyà tẹ́sítà kan mọ́ irin ara ọ̀kadà tó mọ́ dáadáa, ẹ fi èkejì kan ẹnu wáyà tó dé ẹ̀yìn. Bó bá tàn, iná ń dé ibẹ̀, éètì ni kí ẹ lọ wá. Bí kò bá tàn, wáyà ti já lọ́nà.

Iná ẹ̀yìn ń tàn dáadáa, àmọ́ bí mo bá tẹ bíréèkì, kò sí ìyàtọ̀.

Ẹ tẹ bíréèkì ọwọ́ nìkan kí ẹ wò ó, kí ẹ tún tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan. Súwíìṣì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ń tan iná tí èkejì kò tàn án, gílóòbù àti wáyà ẹ̀yìn yè; súwíìṣì èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni kí ẹ dojú kọ.

Ti ẹsẹ̀ wà lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tí pẹ́dà bíréèkì wà, sípírìǹgì tín-ín-rín kan ló sì so ó mọ́ pẹ́dà. Sípírìǹgì yẹn máa ń já tàbí kó bọ́, ẹrẹ̀ sì máa ń kún inú súwíìṣì fúnra rẹ̀. Ẹ tú wáyà méjì tó wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi irin kan wọn pọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní títàn. Bí iná bíréèkì bá tàn, súwíìṣì ti kú nìyẹn. Ohun kan náà lẹ máa ṣe fún ti ọwọ́, èyí tó wà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ bíréèkì ti ń ṣẹ́ wọlé.

Bí méjèèjì kò bá tàn, ó lè jẹ́ okùn 21W nìkan ló já nínú gílóòbù, èyí sì wọ́pọ̀ gan-an. Àwọn kan máa ń fi irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ torí pé “ó ṣì ń tàn”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iná bíréèkì mi kì í kú. Láì tẹ nǹkan kan, ó ń tàn.

Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá fún bíréèkì ẹ̀yìn. Bí ìdúró pẹ́dà bá ti yí padà, sípírìǹgì á máa fa súwíìṣì nígbà gbogbo. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà lára súwíìṣì ẹsẹ̀. Ẹ di ara súwíìṣì mú kó má bàa yí, kí ẹ wá yí nọ́ọ̀tì náà títí súwíìṣì á fi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ tí iná á fi kú. Ẹ tẹ pẹ́dà wò: ó yẹ kí iná tàn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú. Bí ẹ bá yí súwíìṣì fúnra rẹ̀, wáyà rẹ̀ á lọ́, á sì já lábẹ́ ibẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀, ẹ wo ọwọ́ bíréèkì tó ti tẹ̀ látìgbà tí ọ̀kadà ti ṣubú, tí kì í padà dé ibi tó yẹ.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Okùn 21W ń fa ámpù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bátìrì 5Ah tó kún, tí iná yẹn bá ń tàn lórí rẹ̀ láì sí ẹ́ńjìnì tó ń fún un lágbára, kò ní lo wákàtí mẹ́ta tó máa fi kú. Ìyẹn gan-an kò sì tó ewu tó wà lójú ọ̀nà, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín á ti máa rò pé bíréèkì lẹ ń tẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbéra, nígbà tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, kò ní mọ̀.

Bí mo bá tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn tún ń relẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, tí mo bá tan tírafikétọ̀, iná ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀.

Éètì ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni, mo sì fẹ́ kí ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan mọ èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí ó wà lára ohun tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ ra gílóòbù, súwíìṣì àti rẹgulétọ̀ (ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ààlà) tuntun nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kò bàjẹ́.

Iná máa ń jáde láti pọ́sítíìfù, á gba inú okùn gílóòbù, á sì padà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀nà tó fi ń padà ni à ń pè ní éètì. Bí ọ̀nà náà bá dí, ó dà bí gọ́tà tí ìdọ̀tí dí: omi kò ní dúró, ilé onílé ló máa gbà kọjá. Iná tó yẹ kó padà nípasẹ̀ éètì á gba okùn kejì nínú gílóòbù kan náà, tàbí kó gba inú gílóòbù tírafikétọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo àràmàǹdà yìí ti ń wá.

Ẹ mú wáyà gígùn kan. Ẹ so orí kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ fi èkejì kan ara irin họ́dà iná ẹ̀yìn, kí ẹ wá tẹ bíréèkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn bó ṣe yẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè. Ìpẹta ló sábà máa ń fà á, níbi tí sùkúrú ti di iná ẹ̀yìn mọ́ mọ́gáàdì, tàbí ọ̀dà tí wọ́n kùn lé irin nígbà tí wọ́n tún ọ̀kadà kùn. Ẹ ha ibẹ̀ títí dé irin. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé mọ́gáàdì rárá. Mo máa ń fa wáyà éètì kan lọ tààrà láti họ́dà dé ibi tí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ti so mọ́ ara ọ̀kadà. Lára ọ̀kadà tí mọ́gáàdì rẹ̀ jẹ́ ike, ọ̀nà yìí nìkan ló wà.

Ṣe ló ń jó gílóòbù ṣáá. Kí ló ń fà á?

Ẹ má ju gílóòbù tó kú nù kí ẹ tó wò ó, torí ó máa ń sọ ohun tó pa á. Bí gíláàsì rẹ̀ bá dúdú tàbí tó dà bíi dígí nínú, iná tó pọ̀ jù ló pa á. Bí gíláàsì bá mọ́ kedere tí okùn rẹ̀ já tó ń mì lọ mì bọ̀, gbígbọ̀n ló pa á.

Ti iná tó pọ̀ jù, rẹgulétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ń mú iná jáde bí eré ẹ́ńjìnì bá ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ rẹgulétọ̀ ni láti dá a dúró kó má kọjá ààlà. Ẹ ní kí rẹ́wáyà fi mítà wọn iná orí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, bátìrì tó kún máa wà ní nǹkan bíi 12.6V. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì fún un ní tọ́rọ́tù dáadáa, ó yẹ kó wà láàárín 13.5V sí 14.5V. Tó bá ti kọjá 15V tó ṣì ń gòkè, rẹgulétọ̀ ti bàjẹ́, tàbí wáyà éètì tirẹ̀ ti já. Ẹ yẹ éètì yẹn wò kí ẹ tó ra tuntun. Orí bátìrì tó dẹ̀, tàbí bátìrì tó ti kú pátápátá, náà máa ń jẹ́ kí iná fò sókè, torí bátìrì wà lára ohun tó ń mú iná dúró lójú kan. Àwọn tó yọ bátìrì kúrò pátápátá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ títa nìkan gbé e, gílóòbù ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn. Lára ọ̀kadà tí iná iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ ń jẹun láti ara kọ́ìlì kan náà, bí iná iwájú bá jó tí rẹgulétọ̀ kò sì lágbára mọ́, iná tí gílóòbù ńlá 35W yẹn ń jẹ tẹ́lẹ̀ máa ya lu ti ẹ̀yìn kékeré. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń jó tẹ̀ lé ara wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ti gbígbọ̀n: rọ́bà kékeré máa ń wà níbi tí wọ́n ti di iná ẹ̀yìn mọ́ ọ̀kadà, wọ́n sì máa ń sọnù nígbà tí wọ́n bá tú u. Tí wọ́n bá wá fi nọ́ọ̀tì dì í mọ́ irin gbagidi, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, orí okùn inú gílóòbù ló ń parí sí. Ẹ gé rọ́bà láti ara túùbù àtijọ́ fi sí i.

Kí ló dé tí iná ẹ̀yìn mi kì í tàn àfi tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́?

Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré nìyẹn, kò bàjẹ́. Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn ń gba iná tààrà láti ara kọ́ìlì, irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí à ń pè ní AC. Hóònù, tírafikétọ̀ àti iná bíréèkì ń gbà lọ́wọ́ bátìrì, DC nìyẹn. Ìdí tí iná ẹ̀yìn fi máa ń rọ̀ tí ẹ bá dúró nínú gósiló tí ẹ́ńjìnì rọra ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta á, kí ẹ tan súwíìṣì iná. Bí ti ẹ̀yìn bá tàn, bátìrì ló ń bọ́ ọ. Bí kò bá tàn àfi lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá gbé, AC ni. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó ka ìdáhùn tó kàn.

Ṣé kí n fi LED, iná tí kò ní okùn nínú, sí i dípò gílóòbù?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí éètì àti rẹgulétọ̀ yín bá yè. LED tí ẹ bá fi sórí wáyà tó ń ṣàìsàn, òun náà á kú, owó rẹ̀ sì ju ti gílóòbù lọ.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Kò ní okùn tí gbígbọ̀n lè já. Iná tó ń jẹ kéré gan-an, nítorí náà bátìrì á sinmi. Ó tún ń tètè tàn: okùn gílóòbù ní láti gbóná kó tó mọ́lẹ̀ tán, LED sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá yá jù ú lọ. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan lẹ́yìn yín ń rin ohun tó ju mítà 4 lọ láàárín àkókò kékeré yẹn. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, mítà 4 lè gba ẹ̀mí là.

Àmọ́ ẹ yàn án dáadáa. Ẹ ra LED tó ń tàn pupa fún ìdérí pupa. LED funfun máa ń mọ́lẹ̀ gan-an lórí káńtà, ṣùgbọ́n ìdérí pupa yín máa dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró, ohun tó bá sì jáde máa ń rí bíi píǹkì. Ọ̀ràn nọ́ńbà ọ̀kadà wá ńkọ́? Ẹ wo abẹ́ ìdérí yín bóyá fèrèsé funfun kékeré kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí páálí nọ́ńbà. Bó bá wà, LED pupa máa sọ ọ́ di pupa, èyí tó bá sì kọ ojú sẹ́yìn nìkan máa fi páálí náà sínú òkùnkùn. Ẹ fi LED funfun kékeré kan ọ̀tọ̀ síbẹ̀, kó kọjú sí nọ́ńbà nìkan, kí wọ́n má rí i láti ẹ̀yìn.

Ẹ tún yan èyí tó ní ojú LED ní ẹ̀gbẹ́ àti lórí. Inú iná ẹ̀yìn ní dígí tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, kò sì ní ṣiṣẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn án. Ẹ dán méjèèjì wò ní ṣọ́ọ̀bù: iná ẹ̀yìn, kí ẹ tún tẹ bíréèkì. Àwọn LED pọ́ọ́kú kan wà tí ìyàtọ̀ méjèèjì kò hàn sójú rárá, òkú ọjà ni ìyẹn fún wa, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó. Ẹ sì wọn gígùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ga débi pé ìdérí kò ní lè padé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ AC. LED lásán lórí wáyà AC máa ń gbọ̀n yẹ́úyẹ́ú, ó sì máa ń tètè kú. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń lo AC àti DC. Èyí tó dára jù lójú tèmi ni kí rẹ́wáyà yọ wáyà iná ẹ̀yìn kúrò lára AC, kó sì fún un níná láti ara wáyà bátìrì tó ń gba inú kọ́kọ́rọ́ kọjá. Iná tí LED ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì lè gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ́ńjìnì bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà lálẹ́, iná ẹ̀yìn á ṣì máa tàn. Nínú gbogbo àtúnṣe tó wà nínú ìwé yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹnu wáyà AC tí wọ́n bá gé, kí wọ́n fi téèpù dì í dáadáa lọ́tọ̀. AC àti DC kò gbọ́dọ̀ pàdé níbì kankan.

Mo rí àwọn tí tiwọn ń tàn búlúù tàbí funfun, tàbí tó ń ṣẹ́jú bíi ti ọlọ́pàá.

Ẹ má ṣe é. Pupa ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rí funfun lókèèrè lálẹ́ á rò pé ẹ̀ ń bọ̀ wá bá òun ni, èyí tó sì ń ṣẹ́jú ṣáá kì í jẹ́ kó mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó náà lè dá yín dúró lé e lórí.

Mo fi LED sí tírafikétọ̀, ó wá ń ṣẹ́jú wéréwéré.

Fíláṣà, ohun tó ń mú tírafikétọ̀ ṣẹ́jú, ló fà á. Ti àtijọ́ ń ka iye iná tí gílóòbù ń jẹ. LED kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, ó rò pé gílóòbù kan ti kú. Ẹ ra fíláṣà tó wà fún LED. Ó parí.

Omi ń wọ inú iná ẹ̀yìn, ìdérí sì ti sán.

Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn sán, kí ẹ pààrọ̀ ìdérí nìkan. Ọ̀pọ̀ ọjà pátì ló ń tà á lọ́tọ̀, láti Gate ní Ìbàdàn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó o wá láti Nnewi. Ẹ wo rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká, torí òun gan-an ló ń dí omi. Bí ihò kékeré bá wà nísàlẹ̀ ilé iná náà, ẹ má dí i, ibẹ̀ ni omi tó bá wọlé ti ń jáde. Ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń wé ìdérí tó fọ́ máa ń yọ́ mọ́ gílóòbù tó bá gbóná, ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kùn sí i sì máa ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́nú. Méjèèjì kò dára ju alẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Wáyà mi ń já ní ibì kan náà ṣáá, lábẹ́ ìjókòó.

Èrò méjì tàbí àpò gàrí ló ń tẹ mọ́gáàdì mọ́lẹ̀, táyà tàbí ẹ̀gbẹ́ irin á sì máa jẹ wáyà. Títún un so níbi kan náà kò ní parí ọ̀rọ̀. Ẹ yí ọ̀nà rẹ̀ padà kó tẹ̀ lé irin fúréèmù, kí ẹ kì í bọ inú páìpù rọ́bà, kí ẹ fi nǹkan dì í mú ní ibi mélòó kan, kí ẹ sì fi ìdẹ̀ra díẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá ti ń tẹ̀. Oríkèé tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé kì í ju ìgbà òjò kan lọ. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń sún kì tó bá rí ooru bò ó. Ẹ rántí kí rọ́bà náà sára wáyà kí ẹ tó jó o pọ̀.

Iná ẹ̀yìn kú lójú ọ̀nà lálẹ́, ilé sì jìnnà.

Ẹ kúrò lójú títì ná. Gílóòbù kan tí ẹ fi aṣọ wé sínú àpótí irinṣẹ́ pẹ̀lú sùkúrúdiráfà kan lè yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wò ó bóyá okùn bíréèkì ṣì ń tàn. Bó bá ń tàn, ẹ lè rọra lọ síbi tó sún mọ́ jù pẹ̀lú tírafikétọ̀ ọ̀tún tàbí òsì ní títàn, kí ẹ fara mọ́ etí ọ̀nà. Bí gbogbo iná ẹ̀yìn bá kú pátápátá, ẹ má gba márosẹ̀. Ẹ sùn síbẹ̀ tàbí kí ẹ wá ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé e.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ ra téèpù pupa tó ń dán bí iná ọkọ̀ bá kàn án, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́gáàdì àti ẹ̀yìn àṣíborí yín. Kò nílò bátìrì, kì í jó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé rẹ́wáyà ṣe é dáadáa kí n tó sanwó?

Ẹ dúró lẹ́yìn ọ̀kadà kí ẹlòmíràn máa tẹ nǹkan fún yín. Ẹ́ńjìnì ní ṣíṣiṣẹ́, iná iwájú ní títàn: iná ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tàn. Bíréèkì ọwọ́ nìkan, lẹ́yìn náà ti ẹsẹ̀ nìkan: kí ìmọ́lẹ̀ fò sókè gedegbe ní ìgbà méjèèjì, kí ó sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Tírafikétọ̀ pẹ̀lú bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà: iná ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú. Ẹ fi ọwọ́ mi mọ́gáàdì, ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ọ̀tún àti òsì títí dé ìparí, kí wọ́n sì fún un ní tọ́rọ́tù. Bí iná bá gbọ̀n níbì kankan, wáyà kan ṣì dẹ̀. Ẹ ní kó fi fíúsì hàn yín kó tó dé kọ́fà padà, kí ẹ sì gba pátì tó yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí gbogbo èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé kí ẹ lọ dúró lẹ́yìn kí òun tẹ bíréèkì.